Táyà Ẹ́sítírà Lẹ́yìn Jíìpù Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe É Nínú Ọgbà Ilé Rẹ̀

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Sàgámù dé Ìṣarà, jíìpù tuntun kọ́ ló pọ̀ jù lójú títì. 4Runner, Pathfinder, Montero, Trooper, Prado: ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ogún ọdún, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí làwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bi mí bí wọ́n bá rí táyà tó kọ́ sẹ́yìn tèmi. Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn lójúkojú náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ilé iṣẹ́ gbé táyà tèmi sí. Kí ló dé tí màá fi gbé e lọ sẹ́yìn?

Bó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó lójú ọ̀dà nìkan lẹ ń rìn, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó ń lọ sóko ló mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ wo ọ̀nà tó wọ J4 nínú igbó Ọmọ lásìkò òjò, níbi tí ọkọ̀ agbégẹdú ti fi táyà gbẹ́ kòtò gígùn sínú amọ̀ pupa. Táyà yín wá jò síbẹ̀. Kí ẹ́sítírà tó lè bọ́ sílẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹ ó ti irin gígùn bọ ihò kékeré tó wà lára bọ́ńpà, ẹ ó máa yí i kí ṣéènì lè sọ táyà kalẹ̀. Ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí gan-an ni ẹrẹ̀ sì ti kún dé abẹ́ ọkọ̀. Bí ṣéènì náà bá ti dípẹtà, ẹ lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mira. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ayùn irin gé e kí táyà tó jábọ́.

Ìdí kejì ni táyà ńlá. Ẹni tó bá kúrò lórí ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fún ọkọ̀ rẹ̀, tó lọ sí èyí tó ga tó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ rí i pé abẹ́ ọkọ̀ ò gbà á mọ́. Àwọn kan á wá jù ú sínú búùtù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì òjijì ni wọ́n máa mọ̀ pé táyà tí kò ní ìdè nínú ọkọ̀ jẹ́ ewu fún orí àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀.

Jíìpù wo ló ti ní tirẹ̀ lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́?

Montero, Trooper, RAV4 àti CR-V àtijọ́, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ Prado: orí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni táyà tiwọn wà. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé iṣẹ́ sì ti fi irin kún inú rẹ̀ àti ìdí híńjì rẹ̀ nítorí ìwúwo yìí. Lára Pathfinder àti 4Runner tó jáde kí 1996 tó dé, a máa ń rí èyí tó wá pẹ̀lú apá irin lẹ́yìn, tí wọ́n de híńjì rẹ̀ mọ́ igun ara ọkọ̀.

Bí tiyín bá jẹ́ irú Pathfinder tàbí 4Runner àtijọ́ yìí, tí kò sì ní apá yẹn, ẹ má tíì lọ bá wẹ́dà. Ẹ kọ́kọ́ dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó. Ẹ mú fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ yín dání, kí ẹ sì sọ ọdún rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó ń já ọkọ̀ máa ń gbàgbé: pátákó irin tó wà nínú ara ọkọ̀, lẹ́yìn ibi tí bọ́ọ̀tì gbà wọlé. Wọ́n á tú apá, wọ́n á tú híńjì, wọ́n á fi pátákó sílẹ̀ nítorí kò hàn síta. Apá láìsí pátákó, ẹ̀bùn ìdààmú ni. Bí wọn ò bá rí i fún yín, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà gé èyí tó nípọn tó 5 mm, kó fẹ̀ ju ìdí híńjì lọ dáadáa yí ká.

Ṣé mi ò kàn lè dè é mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn 4Runner mi?

Bí ilẹ̀kùn yín bá ń ṣí sókè bíi ti 4Runner 1996 sí 2002, rárá. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí ẹni tó ṣe é. Èmi náà ti rí wọn, mo sì ti rí ọ̀pá tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ láti fi ti ilẹ̀kùn náà sókè.

Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ilẹ̀kùn yẹn, gíláàsì ń wọ inú rẹ̀ lọ, ọ̀pá gáàsì méjèèjì tó ń gbé e sókè kò sì ju agbára ìwúwo ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wá kó táyà lé e. Táyà 265/70R16 pẹ̀lú rímù rẹ̀ sábà máa ń wọ̀n tó kílò 30 sí 35. Ẹ gbé tiyín lé òṣùwọ̀n àwọn alágbàdo kí ẹ rí i. Ọ̀pá gáàsì á kọ́kọ́ rẹ̀, híńjì á tẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti kó ẹrù.

Ẹ̀yin ń bẹ̀rù jù. Kílò 35 péré náà kọ́?

Ó dọ́wọ́ ibi tó bá kọ́ sí. Ẹ na apá yín tààrà, kí ẹ fi gbé korobá omi kan, ẹ ó mọ̀ bóyá omi yẹn kéré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àárín táyà jìnnà sí híńjì ní 60 cm, tí híńjì òkè sì jìnnà sí ti ìsàlẹ̀ ní 30 cm. Bí ẹ bá ṣí apá náà sílẹ̀, híńjì òkè ń gba fífà tó tó kílò 70, ti ìsàlẹ̀ ń gba títì tó tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ò sì tíì mira o. Bí wẹ́dà bá fẹ́ fi irin pamọ́, tó wá sún híńjì méjèèjì mọ́ra tó 15 cm, fífà yẹn di kílò 140. Bí ọkọ̀ bá wá já sí kòtò, ó tún lé sí i ní ìlọ́po. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo agbétáyà tí ẹnikẹ́ni ṣe, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bí híńjì méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn tó, àti ibi tí ìwúwo yẹn ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ṣáásí, ìyẹn irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ló gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí. Gbogbo ìyókù tí mo máa sọ, orí ọ̀rọ̀ yìí náà ló dúró lé.

Irú agbétáyà wo ló wá dára jù?

Èyí tó jókòó lórí bọ́ńpà irin, tí bọ́ńpà náà sì dè mọ́ ṣáásí pẹ̀lú bọ́ọ̀tì. Apá kan á máa ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn yín á sì máa ṣí bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀. Bọ́ńpà tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ kò lè ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ igun rẹ̀ kí ẹ wò ó bó ṣe ń mì.

Èyí tó ń wọ ihò táwọn kan fi ń fa tírélà kékeré náà wà, ihò onígun mẹ́rin tó jẹ́ íńṣì méjì. Ó yá ní fífi sí, ó yá ní yíyọ. Àmọ́ jíìpù tó ní ihò yẹn ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń jin sísàlẹ̀ débi pé ìdí táyà á máa wọ́ ilẹ̀ ní orí òkè oko.

Pathfinder tèmi jẹ́ 1999. Mẹkáníìkì ní kò ní ṣáásí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Pathfinder tó jáde láti 1996 sí 2004 kò ní ṣáásí tó dá dúró lọ́tọ̀. Wọ́n jó irin rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ di ọ̀kan. Èyí ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ẹ wá ibi tí bọ́ńpà ilé iṣẹ́ ti dè mọ́ irin gígùn méjèèjì tó wà lábẹ́ búùtù, ibẹ̀ lagbára wà. Ẹ fi pátákó irin sí inú àti ìta, kí bọ́ọ̀tì má bàa ya irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí táyà tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ má sì ju èyí tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ lọ.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Ìpẹtà. Òtítọ́ tí kò dùn ún gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wá láti apá ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ ṣáásí láti inú. Ó burú débi pé ní 2008 Toyota fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn Tacoma kan padà lọ́wọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà nítorí ṣáásí wọn ti jẹrà. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ yín pẹ̀lú hámà kékeré, kí ẹ máa kan ṣáásí láti ibi táyà ẹ̀yìn títí dé òpin. Irin tó dá ṣáṣá á dún ketekete. Ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, tí èépá pupa sì ń já bọ́ sójú yín, ẹ má de nǹkankan mọ́ ọn. Panẹ́ẹ̀bítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.

Wẹ́dà tó ṣe géètì ilé mi, ṣé ó lè ṣe é?

Ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe é. Irin rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó má tó. Páìpù tí wọ́n fi ń ṣe géètì àti bọ́gílárì sábà máa ń fẹ́lẹ́, híńjì rẹ̀ náà ò ju èyí tí wọ́n ń jó mọ́ òpó. Géètì kì í sáré lórí kòtò. Mo rí jíìpù kan ní Ìta-Ọ̀ṣìn tó lo híńjì géètì: ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ti yí ìdí ibi tí wọ́n ti jó o ká, ó ti sán, ẹni tó ni ọkọ̀ rò pé ìdọ̀tí ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa bá wẹ́dà sọ nìyí. Apá: páìpù onígun mẹ́rin, íńṣì méjì lọ́nà méjì, kí irin rẹ̀ nípọn tó 3 mm. Bọ́ńpà: kó nípọn tó 4 mm. Ibi tí rímù máa jókòó lé: pátákó irin 6 mm. Híńjì: ọ̀pá irin líle tó ga tó 20 cm ó kéré tán, bó bá lè dé 30 ó tún dára jù, pẹ̀lú bíárìn méjì irú èyí tó ń wọ wíìlì iwájú ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí wọ́n kọjú síra, kí gíríìsì kún àárín wọn, kí síìlì sì bo orí wọn kí òjò má bàa ráyè. Bíárìn yìí ṣeé fún bó bá ń mì lọ́jọ́ iwájú. Búṣìn bàbà náà ń ṣiṣẹ́, ó rọrùn lówó, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ihò gíríìsì sí i, kí ẹ sì máa rántí rẹ̀.

Wẹ́dà á fẹ́ fi 1.5 mm lé yín lọ́wọ́, á ní “ẹ̀gbọ́n, èyí náà lágbára.” Ẹ mú kálípà, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn irin, dání.

Ṣé kó jó o mọ́ ṣáásí ni, àbí ká fi bọ́ọ̀tì dè é?

Bọ́ọ̀tì. Iná wẹ́dà ń sọ irin ṣáásí di aláìlágbára ní etí ibi tó ti jó o, ó ń sun ọ̀dà inú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbá yín lẹ́yìn lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Orè, ohun tẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀tì dè ṣeé tú. Jíjó, kó parí sí orí bọ́ńpà àti apá, kí ẹ sì tú wọn kúrò lára ọkọ̀ kó tó jó wọn.

Bí ó bá pọn dandan kí wọ́n jó nǹkan lára ọkọ̀, ẹ tú orí bátìrì, ti nẹ́gátíìfù, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ wẹ́dà. Iná yẹn lè ba ọ́tánétọ̀ àti bùréènì bọ́ọ̀sì jẹ́, owó bùréènì bọ́ọ̀sì sì lè ju ti agbétáyà lọ. Ẹ rántí ibi tí táǹkì epo wà. Kí ẹnì kan dúró ti iṣẹ́ pẹ̀lú fáyà ẹ̀sítíńgíṣà, kì í ṣe kó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lórí.

Rímù mi oníhò mẹ́fà ni. Ṣé pátákó onímẹ́fà èyíkéyìí á bá a mu?

Kò dájú. 4Runner, Montero, Trooper àti Pathfinder tó jáde kí 2005 tó dé ń lo ihò mẹ́fà tó wà lórí àyíká 139.7 mm. Pathfinder 2005 sí 2012 jẹ́ ihò mẹ́fà náà, ṣùgbọ́n 114.3 mm ni tirẹ̀. CR-V àti RAV4 àtijọ́ jẹ́ ihò márùn-ún lórí 114.3. Land Cruiser 100 jẹ́ márùn-ún lórí 150.

Nọ́ọ̀tì ló tún ń da ọ̀pọ̀ rú. Ti ọ̀pọ̀ Toyota, Honda àti Mitsubishi jẹ́ M12 (ìyẹn ni pé bọ́ọ̀tì rẹ̀ nípọn tó 12 mm) tí eyín rẹ̀ jẹ́ 1.5, àmọ́ M14 ni ti Land Cruiser 100; ti Nissan jẹ́ M12 tí eyín rẹ̀ jẹ́ 1.25. Ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ ra bọ́ọ̀tì tó bá nọ́ọ̀tì wíìlì ọkọ̀ yín mu, kí wíìlì sípánà kan náà lè tú ti ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀tì mẹ́ta lórí pátákó tó fún rímù oníhò mẹ́fà. Kò yẹ kó dín sí mẹ́ta.

Ó dáa. Báwo ni màá ṣe ṣe é nílé?

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà. Ẹ má tíì gé nǹkankan. Ẹ to búlọ́ọ̀kì sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ gbé táyà lé e, ẹ sún un mọ́ ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó síbi dírẹ́fà, kó wo dígí àárín, kó sọ ohun tó rí. Ẹ fi búlọ́ọ̀kì kún un tàbí ẹ yọ kúrò títí táyà ò fi ní dí ojú ọ̀nà tán, tí kò ní bo iná bíréèkì àti tírafíkétọ̀, tí ọmọ ilé tó bá ga díẹ̀ á sì lè gbé e sọ̀ láìsọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ọgbẹ́. Ẹ fi 3 cm sílẹ̀ láàárín táyà àti ilẹ̀kùn ó kéré tán, nítorí ara ọkọ̀ àti ṣáásí kì í mì pa pọ̀ lójú ọ̀nà búburú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé òpin kí ẹ tó gbà pé ó ti tọ́. Gbogbo ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sórí páálí, páálí yẹn lẹ máa gbé lọ fún wẹ́dà.

Nígbà tí bọ́ńpà bá dé, ẹ gbé e sórí jáàkì méjì tàbí búlọ́ọ̀kì, ẹ sún un dé àyè rẹ̀, ẹ fi nǹkan mú un mọ́ ṣáásí. Bí ihò ilé iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ fi pọ́ǹṣì sàmì sí ibi tẹ́ ẹ máa lu, kí ẹnu dírììlì má bàa máa yọ̀ kiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 mm, ẹ bọ́ sí 6, kí ẹ tó lọ sí 10.5 fún bọ́ọ̀tì M10 tàbí 12.5 fún M12. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán epo. Bí èéfín bá ń yọ, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ fáìlì etí ihò kó dán, ẹ kun ún ní ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà lójú ẹsẹ̀, kó gbẹ kí bọ́ọ̀tì tó wọlé.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú yẹn kì í sábà gbé dírììlì ńlá. Bí ó bá ń kérora, ẹ dúró de iná.

Bọ́ọ̀tì tó ní 8.8 lórí ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú wáṣà gbígbòòrò àti nọ́ọ̀tì tó ní róbà nínú. Ẹ fi ọwọ́ mú gbogbo rẹ̀ wọlé kí ẹ tó fi sípánà fún ọ̀kankan. M10 gba bí 45 sí 50 Nm (ìwọ̀n agbára tí ẹ fi ń fún un), M12 gba bí 80 sí 85. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń ka ìwọ̀n, kó lọ yá ti mẹkáníìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni apá á wọ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, láìsí táyà. Bó bá ń ṣe dáadáa, ẹ wá gbé táyà kọ́ ọ. Ibi yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ń yàtọ̀ síra. Apá tó dúró gbọnrangandan láìsí táyà á rẹlẹ̀ díẹ̀ bí kílò 35 bá gùn ún, orí rẹ̀ ò sì ní bá ibi ìtìpa mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi ìjókòó kékeré sórí bọ́ńpà ní ọ̀nà ibi tí apá ń tì sí, kí etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, kó máa gbé apá sókè bí 2 sí 3 mm bó bá ṣe ń wọlé. Bí ẹ bá tì í, ìwúwo á kúrò lórí híńjì, á bọ́ sórí ìjókòó. Ẹ ó gbọ́ ọ: bó bá wà lórí ìjókòó dáadáa, ìró kan ṣoṣo ló máa ń ṣe, “gbì.” Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, apá ń lu bọ́ńpà kó tó gùn ún.

Kí ni màá fi tì í?

Ìdè onírin tí wọ́n ń fà wálẹ̀, irú èyí tó wà lára ẹ̀gbẹ́ pákó ọkọ̀ akẹ́rù, ni kẹ́ ẹ fi fún un mọ́ra, kẹ́ ẹ wá fi pínnì kan gba inú rẹ̀ kọjá. Má gbára lé ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ gé róbà láti ara táyà àlòkù, ẹ fi sí ibi tí irin ti ń kan irin. Kẹ́ ẹ sì fi pínnì kejì sí ìdí híńjì tó máa dá apá dúró bó bá ṣí tán. Ẹni tó bá ti ṣí i ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí pínnì yẹn, tó ń kó apẹ̀rẹ̀ gàrí sínú búùtù, mọ ibi tí apá náà ti ń padà bọ̀ wá bá ẹ̀yìn ènìyàn.

Ṣé Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ò ní dá mi dúró?

Ọ̀rọ̀ táyà lẹ́yìn kọ́ ló máa ń bí wọn nínú. Nọ́ńbà tó farasin àti iná tí kò hàn ni. Yálà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni tàbí TRACE ti ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí VIO, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò lẹ́yìn ọkọ̀ ni nọ́ńbà. Bí táyà bá bò ó, ẹ gbé e lọ sára apá, pẹ̀lú gílóòbù kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lóru. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà fi wáyà sílẹ̀ gùn díẹ̀ níbi híńjì, kó fi sínú róbà, kó sì fi fíúsì sí i. Bí iná bíréèkì kẹta bá bọ́ sẹ́yìn táyà, ẹ gbé òmíràn sókè lórí apá.

Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ti gùn sí i. Ẹni tó bá ń wá àyè ìgbọ́kọ̀sí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba á tètè mọ̀.

Òjò ńkọ́?

Òjò Ìjẹ̀bú kì í ṣeré. Kí wẹ́dà lu ihò kékeré sábẹ́ páìpù kọ̀ọ̀kan kí omi máa ráyè jáde, kó sì dí ẹnu páìpù tó kọjú sókè. Ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó kun dúdú. Ibi tí ọwọ́ ò dé nínú páìpù, ẹ da epo ẹnjìnnì àlòkù díẹ̀ sí i, kí ẹ yí páìpù ká.

Olè ò ní yọ ọ́?

Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń yọ ọ́. Nọ́ọ̀tì kan tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tó, tàbí ṣéènì àti àgádágodo gba ihò rímù kọjá mọ́ apá. Ẹ kàn má gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé lọ́jọ́ tí táyà bá jò ní Ògbèrè.

Ṣé oòrùn ò ní ba táyà jẹ́?

Ó ń bà á jẹ́. Ẹ bò ó, kódà pẹ̀lú tapọ́líìnì tí télọ̀ rán. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní òpin àwọn àmì DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ náà ń gbó. Bí ẹ bá lọ fún afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ fọ́kanáísà, ẹ jẹ́ kó fún ti ẹ̀yìn náà; ẹ́sítírà tó rọ̀ kò yàtọ̀ sí pé kẹ́ ẹ má ní in.

Ìgbà wo ni kí n tún nọ́ọ̀tì fún?

Ẹ wà á dé Sàgámù kí ẹ padà, kí ẹ fún gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà, nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ epo ẹnjìnnì, ẹ fi ọwọ́ gbá táyà sókè sódò. Bí ó bá ń mì láti ibi híńjì, ẹ fún bíárìn. Ẹ nu ibi tí wọ́n ti jó irin, kí ẹ wò ó bóyá ìlà pupa wà.

Èló ló máa ná mi?

Mi ò ní kọ iye síbí, owó irin ń yí. Owó páìpù àti pátákó ló máa ń kó jù, bíárìn ló tẹ̀lé e, iṣẹ́ wẹ́dà ló kẹ́yìn. Ẹ ra irin fúnra yín. Kí ẹ sì bá wẹ́dà dúnàádúrà lórí iṣẹ́ odindi, kì í ṣe lórí iye ẹlẹ́kítíróòdù tó bá jó.

Kí ni kí n ṣe sí ṣéènì tó kù lábẹ́ ọkọ̀?

Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀, á máa lu sàláńsà, ẹ ó sì máa rò pé nǹkan míì ló ń dún. Ẹ yí i gòkè dé òpin kí ẹ fi wáyà so orí rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi gíríìsì pa á, kẹ́ ẹ wé e sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́la lè bi yín léèrè rẹ̀.